Ẹ̀gún Ilẹ̀ Karoo àti Orúkọ Tí Wọ́n Ń Jẹ́ ní Èdè Afrikaans

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níjòókòó, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú sùúrù. Ojú ni mo fi kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú gan-an, nítorí pé ó ta mí lójú.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni mo ra igi kan lọ́wọ́ ẹni tí ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Ìbàdàn. Igi náà kò ní ewé púpọ̀, ara rẹ̀ ní igun mẹ́ta, ẹ̀gún sì tò ní méjì-méjì sí etí igun kọ̀ọ̀kan bí eyín ayùn. “Kákítọ́ọ̀sì ni o, sà,” ni ó wí, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀bẹ gé ẹ̀ka kan kí n lè gbìn ín sínú ìkòkò mìíràn, ni omi funfun bíi wàrà bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán tótó láti ojú ibi tí mo gé. Mo nu ọwọ́ mi sí ṣòkòtò, mo sì fi ọwọ́ kan náà nu òógùn ojú mi. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi jókòó sínú yàrá tí a fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀, tí omi ń dà lójú mi bíi ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Kákítọ́ọ̀sì tí a sábà máa ń rí kì í ní irú oje bẹ́ẹ̀. Euphorbia, ìdílé ewéko mìíràn tí ń ní oje funfun, ni mo rà. Nígbà tí mo wá lọ gbé fún ọdún díẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, bàbá àgbà kan tí ó ń tọ́jú ọgbà ilé tí mo wọ̀ sí fi ọ̀kan lára àwọn ìbátan igi náà hàn mí, ó ní “melkbos” ni orúkọ rẹ̀. Melk ni wàrà, bos sì ni igi kúkúrú tí ó ṣù pọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé kí ló pa mí lẹ́rìn-ín, mo sì ròyìn ojú mi fún un. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún ní abúlé òun kò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, nítorí pé ìkìlọ̀ ti wà nínú orúkọ kí ọmọ náà tó fọwọ́ kan igi.

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ni mo gbé wá síwájú yín. Orúkọ tí àwọn tí ń sọ èdè Afrikaans ń pe àwọn ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ń fi omi pamọ́ sí ara wọn kì í ṣe àmì lásán. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ti ṣe, ohun tí ẹnu ti tọ́ wò, àti ìyà tí ara ti jẹ ni ó wà nínú àwọn orúkọ náà. Bí a bá sì fara balẹ̀ tú wọn, a ó máa rí ẹni tí ó kọ́ ẹlòmíràn ní ohun tí ó mọ̀, pàápàá níbi tí wọn kò ti dárúkọ olùkọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Karoo jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó wá láti inú èdè àwọn Khoekhoe, àwọn darandaran tí ó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ọ̀gbẹlẹ̀ àti líle ilẹ̀ ni ó ń tọ́ka sí. Ó gba inú lọ́hùn-ún Gúúsù Áfíríkà kọjá sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, títí dé Namaqualand àti Richtersveld ní etí odò Orange, níbi tí ilẹ̀ Nàmíbíà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà ìwọ̀ oòrùn yìí, ìgbà òtútù ni òjò ń rọ̀, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í sì í rí tó 200 mílímítà òjò láàárín ọdún kan, nígbà tí Ìbàdàn ń rí ju 1,000 lọ. Síbẹ̀, irú ewéko tí ó wà níbẹ̀ lé ní 6,000, nǹkan bí 40 nínú 100 wọn ni kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé. Ohun tí ó mú wọn là á já ni pé wọ́n ń fi omi pamọ́ sínú ewé, sínú ọ̀pá tàbí sínú gbòǹgbò, àti pé òru ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣí ihò tí wọ́n fi ń mí, kí oòrùn má baà fa omi inú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́ kànga sí àárín ilẹ̀ ọ̀dá ní láti ṣe ọgbà yí i ká. Ọgbà yẹn ni ẹ̀gún àti oje kíkorò.

Ní ti èdè náà, ọdún 1652 ni ilé iṣẹ́ òwò àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì fìdí ibùdó múlẹ̀ ní Cape. Èdè Dọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbé wá kò pẹ́ kí ó tó yí padà lẹ́nu àwọn Khoekhoe, lẹ́nu àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Indonéṣíà, Íńdíà àti Madagáskà, àti lẹ́nu àwọn ọmọ òyìnbó tí a bí síbẹ̀. Ọdún 1925 ni ìjọba tó gbà á gẹ́gẹ́ bí èdè àmúṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé èdè àwọn funfun nìkan ni, ṣùgbọ́n ju ìdajì àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí ni kì í ṣe funfun, ní Namaqualand pàápàá, àwọn ọmọ ọmọ Nama, ẹ̀yà kan lára Khoekhoe, ni ó wà lẹ́nu wọn jù.

Bí a bá fẹ́ ka àwọn orúkọ yìí, a ní láti ti ẹ̀yìn wá. Àwa máa ń fi nǹkan gan-an ṣáájú, a óò wá sọ irú rẹ̀ tẹ̀lé e: igi ẹlẹ́gùn-ún, ewé olóje. Tiwọn ni pé nǹkan gan-an máa ń wà ní ìparí. Nínú “kokerboom”, boom ni igi, koker sì ni apó tí ọdẹ ń kó ọfà sí, nítorí náà igi apó ni. Nínú “doringvygie”, doring ni ẹ̀gún, vy ni ọ̀pọ̀tọ́, -gie tí ó kẹ́yìn sì sọ ọ̀pọ̀tọ́ náà di kékeré. V wọn ni kí ẹ máa pè bí f tiwa, kí ẹ sì fa g láti ọ̀nà ọ̀fun bí ẹni tí ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìyẹn tó fún ìrìn tí a fẹ́ rìn.

Orúkọ tí mo fẹ́ràn jù ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn noors. Ní ìhà Eastern Cape, ní àyíká ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Jansenville, gbogbo ilẹ̀ ni ó kún fún Euphorbia coerulescens, tí ọ̀pá rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí ó súnmọ́ ti aró, tí kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Noors tàbí noorsdoring ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì sọ agbègbè náà ní Noorsveld, pápá noors. Iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ ni sísin àgùntàn àti irú ewúrẹ́ onírun gígùn tí a ń pè ní Angora. Bí ọ̀dá bá dá, tí koríko bá tán pátápátá, noors ni ó ń gba ẹran wọn lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ẹran kì í kàn án jẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ oko a gé e lulẹ̀, wọn a fi sílẹ̀ nínú oòrùn kí ó rọ, kí agbára oje rẹ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹran tó fẹnu bà á. Láti inú iṣẹ́ yìí ni orúkọ mìíràn ti jáde, èyí tí ẹni tí kò bá ti sin ẹran rí kò lè ròyìn ìdí rẹ̀: soetnoors, noors dídùn. Kò sí adùn kankan níbẹ̀ fún ènìyàn o! Ẹnu ewúrẹ́ ni wọ́n fi wọn adùn náà, nítorí pé suurnoors wà pẹ̀lú, noors kíkan, tí ẹran kì í fẹ́. Èmi kò tíì rí orúkọ ewéko mìíràn tí a gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ewúrẹ́ kí a tó sọ ọ́.

Oyin náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí àwọn igi yìí bá tan òdòdó, oyin a máa fa oje inú wọn, afárá tí ó bá sì ti inú rẹ̀ wá a máa jó ènìyàn lọ́fun bí ata. Noorsheuning ni wọ́n ń pè é, oyin noors. Ẹni tí ó bá tọ́ ọ lá á rò pé wọ́n ti bu ata gbígbẹ sí i ni, omi tí ó bá sì mu lé e kò ní mú kí ó rọlẹ̀ kíá.

Ẹ̀gbọ́n noors ni naboom, Euphorbia ingens, tí ó ń di igi ńlá, tí ẹ̀ka rẹ̀ a nà sókè bí ọ̀pá àtùpà ẹlẹ́nu púpọ̀. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Khoekhoe ni “na” inú orúkọ rẹ̀ ti wá, “boom” nìkan ni ti Dọ́ọ̀ṣì. Orúkọ igi yìí ni wọ́n fi sọ ìlú Naboomspruit ní Limpopo kí wọ́n tó yí i padà sí Mookgophong. Oje rẹ̀ lè fọ́ ènìyàn lójú pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn apẹja mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lò ó: wọn a rẹ koríko sínú oje náà, wọn a so ó mọ́ òkúta, wọn a sọ ọ́ sínú ibú, ẹja a sì léfòó láìpẹ́ bí ẹni tí ó mu ẹmu yó. Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ewé àti èèpo pa ẹja nínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní bèèrè àlàyé síwájú sí i. Ní Nàmíbíà àti Richtersveld, Euphorbia virosa ní tirẹ̀ ń jẹ́ gifboom, igi májèlé, nítorí pé oje rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn ọdẹ San fi ń kun orí ọfà.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kò ga rárá, Euphorbia pulvinata, tí ó ba sílẹ̀ bí ìrọ̀rí tí a gún abẹ́rẹ́ sí. Voetangel ni wọ́n ń pè é. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mẹ́rin tí àwọn jagunjagun Yúróòpù ń fọ́n sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ ẹṣin ọ̀tá lè tẹ̀ ẹ́ ni voetangel tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, dágunró ni ó sọ sí mi lọ́kàn, koríko tí èso rẹ̀ ń gún àtẹ́lẹsẹ̀ wa lójú ọ̀nà oko, tí àwọn baba wa wò títí tí wọ́n fi sọ pé ó lè dá ogun ró. Àwọn méjèèjì kò bára wọn tan, wọn kò sì gbọ́ èdè ara wọn rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ẹ̀gún gún ní Karoo àti èyí tí ó gún ní Ọ̀yọ́ ronú kan ogun bákan náà.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀gún fúnra rẹ̀, nítorí pé “doring” kan ṣoṣo tí èdè náà ní bo ohun púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gún kákítọ́ọ̀sì jẹ́ ewé tí ó yí padà. Àwọn kákítọ́ọ̀sì gbogbo, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀; ẹ̀yà kan ṣoṣo tí kò lẹ́gùn-ún, tí ń so rọ̀ sára igi nínú igbó, Rhipsalis baccifera, ni ó dé Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e wá. Ti aalwyn, ìyẹn aloe, eyín etí ewé ni. Ti doringvygie, igi tí òdòdó jókòó lé ni: lẹ́yìn tí òdòdó bá ti rẹ̀, igi rẹ̀ a gbẹ, a le, a sì di ẹ̀gún tí yóò ṣọ́ òdòdó ọdún tí ń bọ̀. Ti kersbos, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarcocaulon tàbí Monsonia, ni ó yà mí lẹ́nu jùlọ. Ọrùn tí ó so ewé mọ́ igi ni. Ewé á jáde lẹ́yìn òjò, á jábọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọrùn rẹ̀ á sì kù sára igi, á le, á mú. Mo ti di ọ̀kan mú rí ní ọgbà ewéko ilẹ̀ aṣálẹ̀ tí ó wà ní Worcester, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Matjiesfontein ní ọdún 1921, tí wọ́n sì gbé lọ sí Worcester ní ọdún 1945. Igi náà kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ó dùbúlẹ̀ bí ejò tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, èèpo rẹ̀ ń dán, ó sì ṣe bí ẹni pé ó lọ́ràá nígbà tí mo fi èékánná ha á. Òdòdó kan ṣoṣo ni ó wà lára rẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bí bébà tí a fi ń di ẹ̀bùn.

Kers ni àbẹ́là. Èèpo igi náà kún fún ohun kan tí ó dà bí ìda, débi pé ó ń jó bí ó tilẹ̀ tutù, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán bíi tùràrí. Ògùṣọ̀ ni fún ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ lórí pápá. Orúkọ rẹ̀ mìíràn ni boesmanskers, àbẹ́là àwọn Boesman, orúkọ tí àwọn tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn San fi ń pè wọ́n, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ gbọ́ mọ́. Irú rẹ̀ wà nínú hotnotsvy náà, ọ̀pọ̀tọ́ tí a fi orúkọ èébú àwọn Khoekhoe pè, èyí tí èébú inú rẹ̀ tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Suurvy, ọ̀pọ̀tọ́ kíkan, ni ó yẹ kí a máa pe èso yẹn. Ní tèmi, a kò gbọdọ̀ pa àwọn orúkọ wọ̀nyí rẹ́ kúrò nínú ìwé, nítorí pé wọ́n wà lára ẹ̀rí pé àwọn San àti Khoekhoe ni ó kọ́kọ́ mọ ohun tí igi náà wúlò fún, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí a máa fi wọ́n pe igi lọ́jà.

Àwọn ẹranko náà wà nínú orúkọ, wọ́n sì lè ṣi èrò ẹni lọ́nà. Tierbekvygie ni Faucaria, tí ewé rẹ̀ kọjú sí ara wọn bí ẹnu tí ó yà, tí eyín sì tò sí etí ẹnu náà. Eyín ẹ̀tàn ni o, rírọ̀ ni, kò lè gún ọmọ ọwọ́. “Tier” nínú ìwé atúmọ̀ èdè ni tiger, ẹranko tí kò sí ní Áfíríkà. Ẹkùn tiwa yìí ni àwọn ará Cape ń pè bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni “wolf” tí ó wà nínú wolweghaap jẹ́ ìkookò ilẹ̀ Áfíríkà, tí òyìnbó ń pè ní hyena, kì í ṣe ti Yúróòpù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì Yorùbá ti rí ìdàkejì rẹ̀: níbi tí Aísáyà ti sọ̀rọ̀ nípa ẹranko Yúróòpù àti Éṣíà yẹn, ìkookò tiwa ni àwọn olùtúmọ̀ mú tí ó ń bá ọ̀dọ́ àgùntàn gbé. Wọ́n mú orúkọ òkèèrè bo ẹranko ilé, àwa mú orúkọ ilé bo ẹranko òkèèrè. Ìkookò tiwa tilẹ̀ ní ewéko tirẹ̀ tí ń fi omi pamọ́, ọ̀já ìkookò, ewé gígùn líle tí ó rí bí ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ.

Mo ti dárúkọ ghaap, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù. Kò sí Dọ́ọ̀ṣì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, ti Khoekhoe ni. Ewéko tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọn kò sì ga, ọ̀pá wọn ní ìlà ìlà bíi kùkúńbà tí a fi ẹ̀gún tò. Olókìkí wọn ni Hoodia gordonii, bitterghaap, ghaap kíkorò. Òdòdó rẹ̀ rí pẹrẹsẹ bí àwo, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹran tí ó ti ń rà, ó ń rùn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé eṣinṣin ni ó fẹ́ kí ó wá gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri. Èso rẹ̀ yọ ní méjì-méjì, ó ta sókè, ìdí nìyí tí àwọn darandaran fi ń pè é ní bokhorings, ìwo ewúrẹ́. Bí ebi tàbí òùngbẹ bá ń pa ọdẹ San tàbí darandaran Nama lọ́nà jíjìn, yóò gé ọ̀pá kan, yóò fá ẹ̀gún rẹ̀ dànù, yóò sì máa jẹ ẹ́ ní tútù. Ebi á rọlẹ̀, ọkùnrin náà á sì máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Ó ti wà nínú ìwé tipẹ́. Francis Masson, tí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù rán sí Cape ní ọdún 1772 láti máa kó ewéko wá, kọ ọ́ ní ọdún 1796 pé àwọn Khoekhoe ń jẹ ọ̀kan nínú àwọn ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwádìí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, CSIR, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní àwọn ọdún 1960, tí wọ́n sì rí ohun tí ń pa ebi nínú rẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ ara wọn gba ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lé e lórí ní àwọn ọdún 1990, ẹnikẹ́ni kò bi àwọn San léèrè. Ní ọdún 1997 ni ẹ̀tọ́ náà kọjá sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ Phytopharm ní Ìlú Ọba, láti ibẹ̀ ó dé ọwọ́ Pfizer, àwọn tí ó fẹ́ sọ ọ́ di oògùn fún àwọn tí ó sanra jù ní ilẹ̀ tí oúnjẹ ti pọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí: oúnjẹ ẹni tí kò rí oúnjẹ di oògùn ẹni tí kò lè dẹ́kun oúnjẹ.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ta sí etí àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníwèé ìròyìn, CSIR jókòó pẹ̀lú ìgbìmọ̀ àwọn San, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kẹta ọdún 2003, pé àwọn San yóò gba 6 nínú 100 owó tí CSIR bá rí lórí títà, àti 8 nínú 100 owó tí wọ́n bá san fún un bí iṣẹ́ náà bá ti ń dé ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún kan náà ni Pfizer yọwọ́. Unilever gbà á ní ọdún 2004, ó sì yọwọ́ ní ọdún 2008 nítorí iyèméjì lórí bóyá ó lè ṣe ara níjàǹbá, àti bóyá ó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò. Owó ńlá tí wọ́n ń retí kò dé. Láàárín àkókò yìí, àwọn tí ń fa igi náà tu lóko fún títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi mú gbogbo Hoodia sábẹ́ àdéhùn CITES, èyí tí ń ṣọ́ ọjà àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ewu ń wu. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ “ghaap” ti wá kò lè sọ pé òun kò mọ ẹni tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ lọ kàn sí. Ẹ̀rí ẹni tí ó ni ín wà nínú orúkọ, etí ni wọn kò fi sí i.

Láti Namaqualand kan náà ni halfmens ti wá. Half ni ìdajì, mens ni ènìyàn. Pachypodium namaquanum ni, ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó nípọn nísàlẹ̀, tí ó tẹ́rẹ́ lókè, tí ẹ̀gún bò látòkè délẹ̀, tí ìdì ewé kékeré kan sì wà lórí rẹ̀ bí irun tí a kò yà. Ó lè ga ju ènìyàn lọ, ó sì ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ débi pé ọmọ tí a bí lójú rẹ̀ lè darúgbó kí ó tó mọ̀ pé ó ti ga sí i. Ohun tí ó sọ ọ́ di ènìyàn ni pé orí gbogbo wọn tẹ̀ sí ìhà àríwá. Ìtàn àwọn Nama sọ pé ènìyàn ni wọ́n, tí ọ̀tá lé kúrò ní ilẹ̀ baba wọn ní ìhà kejì odò. Nígbà tí wọ́n sọdá tán, àwọn kan nínú wọn bojú wẹ̀yìn pẹ̀lú ìbànújẹ́, Ọlọ́run sì ṣàánú wọn, ó sọ wọ́n di igi kí wọ́n lè máa wo ilé títí láé. Ẹni tí ó bá ti lọ sí Èsìẹ́ ní Kwara, tí ó sì gbọ́ ìtàn bí àwọn àlejò ṣe di ère òkúta níbẹ̀, yóò mọ̀ pé ìjìyà ni tiwa yẹn, nígbà tí ti Nama jẹ́ ojú àánú. Àwọn onímọ̀ ní àlàyé tiwọn: ní gúúsù ayé, àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá, ìgbà òtútù sì ni igi yìí ń hu ewé tí ó sì ń tan òdòdó, nítorí náà ó ń na orí rẹ̀ sí ibi tí ooru wà. Noordpool ni orúkọ rẹ̀ kejì, àríwá ayé. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ń sọ ohun kan náà, àmọ́ halfmens ni ó wà lẹ́nu mi. Láti ọdún 2007 ni ibùgbé rẹ̀ ní Richtersveld ti wà lára ibi tí UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé.

Nípa kanniedood, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Odindi gbólóhùn ni: kò lè kú. Aalwyn kékeré kan tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun, tí eyín wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀ ni, tí ẹ bá fà á tu tí ẹ gbàgbé rẹ̀ sórí àjà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, tí ẹ tún gbìn ín, yóò hù. Àwọn kan a máa gbìn ín sórí sàréè. Àwa tí a ní àbámọdá, tí ewé rẹ̀ kan ṣoṣo tí a jù sílẹ̀ ń hu ọmọ yí ká etí, mọ irú ewéko tí ń fi agídí jẹ orúkọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ni bitteraalwyn, Aloe ferox. Ní àyíká Albertinia ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀. Àwọn aalwyntapper, ìyẹn àwọn tí ń gba oje rẹ̀, a gbẹ́ kòtò tí kò jìn, wọn a tẹ́ ọ̀rá sí i, wọn a gé ewé ìsàlẹ̀ igi náà, wọn a sì tò wọ́n yípo kòtò, kí ojú tí a gé kọ sí inú. Wọn kì í fọwọ́ kan ewé orí, kí igi má baà kú. Oje aláwọ̀ ìyeyè a máa kán fún wákàtí mélòó kan; wọn a wá sè é títí tí yóò fi ki, tí yóò sì tutù di òkúta dúdú tí ń dán bíi dígí. Oògùn tí ń mú ènìyàn yàgbẹ́ ni, ìkorò rẹ̀ sì ń bá ènìyàn délé. Ẹni tí ó bá bọ ọwọ́ lọ́wọ́ aalwyntapper tí ó wá fi ọwọ́ náà jẹun yóò mọ̀ pé orúkọ yẹn kò parọ́.

Èyí tí ó kù ni turksvy. Turk ni ará ilẹ̀ Tọ́kì, vy ni ọ̀pọ̀tọ́. Kò sí ohun tí ó kàn án pẹ̀lú Tọ́kì: Mẹ́síkò ni ó ti wá, Opuntia ficus-indica, kákítọ́ọ̀sì gidi, àlejò. Bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń fi Tọ́kì pe ohun tí ó ti òkèèrè wá ni àwa náà ṣe pe ohun tí kì í ṣe ọ̀pẹ, tí kì í sì í ṣe ti òyìnbó, ní ọ̀pẹ̀yìnbó. Ó gba ilẹ̀ Eastern Cape kan débi pé àwọn olóko kò rí ibi da ẹran sí mọ́. Ní ọdún 1933 ni ìjọba kó labalábá Cactoblastis wá láti Ọsirélíà, kí ìdin rẹ̀ lè máa jẹ ẹ́. Àwọn olóko wá yà á sí méjì: doringblad, ewé ẹlẹ́gùn-ún, tí wọ́n kórìíra, àti kaalblad, ewé ìhòòhò, tí wọ́n ń gbìn fún ẹran. Síbẹ̀, doringblad ni àwọn tálákà fẹ́ràn èso rẹ̀.

Mo rí ìyá kan tí ń tà á létí títì níwájú ìlú Makhanda. Ó ti fi ìdì koríko gbo àwọn èso náà kí irun ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lè kúrò lára wọn, ó sì kó wọn sínú garawa. Ó mú ọ̀kan, ó gé orí, ó gé ìdí, ó fi ojú ọ̀bẹ fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì ṣí èèpo náà sílẹ̀ bí ẹni ń tú aṣọ lára ọmọ. Mo fi ìwọ̀nba Afrikaans tí mo gbọ́ béèrè pé èló ni turksvy náà. Ó wo ojú mi, ó mọ̀ pé àlejò ni mí, ó sì tún un sọ fún mi ní èdè Xhosa, ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tí olùkọ́ ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́nu ọmọ: “Itolofiya.” Turksvy náà ni, ẹnu Xhosa ni ó gbà á, tí ó sì wọ aṣọ mìíràn fún un. Mo tún un pè lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó nà án sí mi, mo sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, pẹ̀lú irun ẹ̀gún kan tí ó ṣẹ́ kù tí ó wọ̀ mí ní ètè ìsàlẹ̀.